Ọbẹ̀ Ẹ̀wà Funfun Ilẹ̀ Ítálì: Oúnjẹ Àjẹyó fún Tọmọdé Tàgbà

Ẹ̀yin òbí, kí ni ẹ ń fi búrẹ́dì tó ti gbẹ ṣe? Ní ilé púpọ̀, orí ààtàn ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ní ẹkùn Toscana ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ìlú Florence wà, irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá fi ń bọ́ ilé wọn láti ìgbà pípẹ́. Ọbẹ̀ ẹ̀wà funfun ni wọ́n ń bù lé e lórí. Oúnjẹ àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn kò ká ẹran lójoojúmọ́ ni, síbẹ̀ ẹni tó bá jẹ abọ́ kan yóò yó. Àwọn ará Toscana fẹ́ràn ẹ̀wà débi pé "mangiafagioli" ni àwọn ará Ítálì yòókù ń pè wọ́n, èyí ni "ajẹ̀wà".

Kì í ṣe ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ òkèlè bí gbẹ̀gìrì o. Ṣíbí ni a fi ń jẹ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ni oúnjẹ.

Ẹ̀wà wo ni?

Cannellini ni orúkọ rẹ̀. Ó funfun, ó gùn díẹ̀, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti wá, lẹ́yìn tí Columbus dé ibẹ̀ ní ọdún 1492. Kí ó tó dé, ẹ̀wà olójú dúdú wà lára ohun tí àwọn ará Ítálì ń jẹ, irú kan náà ni òun àti ẹ̀wà tiwa, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni orírun rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá rí cannellini lè lo ẹ̀wà funfun ọjà wa. Kí ó ṣáà máa ṣọ́ iná, nítorí ẹ̀wà tiwa tètè ń jinná ju tiwọn lọ.

Àwọn èròjà (fún ènìyàn 6)

Ẹ̀wà gbígbẹ, gíráàmù 500
Àlùbọ́sà 2
Kárọ́ọ̀tì 2
Igi sẹ́lẹ́rì 2
Awẹ́ aáyù 4
Tòmátò 3
Kábéèjì, ìdajì
Òróró ólífì, ṣíbí ìjẹun 5
Ewé rosemary díẹ̀
Iyọ̀ àti ata gígún
Búrẹ́dì gbígbẹ, ègé 6

Búrẹ́dì Toscana kò ní iyọ̀, kò sì dùn bí ṣúgà. Ẹ wá èyí tí kò dùn.

Bí a ṣe ń sè é

1. Ẹ ṣa ẹ̀wà, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ da omi náà nù.

2. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun, lítà 3, àti awẹ́ aáyù 2. Ẹ jẹ́ kí ó hó kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó dín iná kù. Lẹ́yìn náà, kí ó máa hó jẹ́jẹ́ fún bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tó bá ń rọ̀ bọ̀, ẹ fi iyọ̀ sí i.

3. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, sẹ́lẹ́rì àti aáyù tó kù wẹ́wẹ́. Ẹ fi ṣíbí òróró 3 dín wọn lórí iná kékeré títí wọn yóò fi rọ̀. Ẹ fi tòmátò àti rosemary sí i.

4. Ẹ bu ìdajì ẹ̀wà, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Òun ni yóò mú kí ọbẹ̀ ki. Ẹ da gbogbo ẹ̀wà, tòun ti omi rẹ̀, sínú ìkòkò ẹ̀fọ́ náà. Ẹ kó kábéèjì sí i, kí ó sè fún ìṣẹ́jú 30.

5. Ẹ fi búrẹ́dì sí ìsàlẹ̀ abọ́, ẹ bu ọbẹ̀ lé e, kí ẹ ta òróró tó kù àti ata sórí rẹ̀.

Ìkìlọ̀

Ẹ má ṣe kánjú sí híhó ìṣẹ́jú 10 yẹn. Cannellini àti àwọn ẹ̀wà ìdílé rẹ̀ ní èròjà kan nínú tó ń fa èébì àti inú rírun bí wọn kò bá jinná. Ti ẹ̀wà pupa ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ti funfun náà wà. Iná tó lágbára ló ń pa á.

Ní ọjọ́ kejì

Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á nù. Ẹ kó búrẹ́dì sínú rẹ̀, kí ẹ tún gbé e kaná. Àwọn ará Toscana ń pè é ní "ribollita", ìtumọ̀ rẹ̀ ni "èyí tí a tún sè". Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ó dùn ju ti àná lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kì í ṣe owó ńlá ló ń mú ọbẹ̀ yìí dùn, bí kò ṣe sùúrù àti àìfi oúnjẹ ṣòfò. Ẹ dán an wò fún ìdílé yín ní ọ̀sẹ̀ yìí.