Ọkọ̀ Àlùmínì Àtijọ́ Tí Wọ́n Fi Lọ̀ Wá

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ní Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Èmùré, ọ̀rọ̀ tó gbẹnu gbogbo wa níbi ìsọ̀ ẹja báyìí ni ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan tí wọ́n fi lọ̀ wá ní Igbókọ̀dá. Àlùmínì ni, kì í ṣe pákó. Owó àjọ wa ni a fẹ́ fi rà á, kí àwa fúnra wa lè máa lọ gba ẹja àti edé ní Ayétòrò àti àwọn abúlé etí òkun, kí á yéé dúró de àwọn tó ń bu owó lé e ní èbúté. Kí ìyá kankan tó dáwó, ẹ jẹ́ á wo ohun tí à ń rà.

Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì: Àkúrẹ́, Oǹdó, Òkìtìpupa, ó di Igbókọ̀dá. Ṣebí inú ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Ìlàjẹ wà kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ohun tó ṣàjèjì ni ọkọ̀, àmọ́ àlùmínì, àwa tí à ń se ọbẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ìkòkò àlùmínì kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ oníyọ̀ bá ń sùn sínú rẹ̀ léraléra, ẹ ó rí ihò wínníwínní nídìí rẹ̀. Omi òkun náà, iyọ̀ ni. Èyí tó tún burú jù ni kí bàbà tàbí irin fara kan àlùmínì nínú omi iyọ̀: àlùmínì ni yóò máa jẹ tán. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á fi ìṣó irin lẹ̀ ẹ́, tàbí òun á fi ọ̀dà tó ní bàbà nínú kùn ún, ẹ lé e lọ. Síǹkì ni wọ́n ń dè mọ́ ìdí ọkọ̀, kí iyọ̀ máa jẹ ìyẹn dípò ọkọ̀. Bó bá jẹ tán, a pààrọ̀ rẹ̀.

Bí a bá débẹ̀, kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sórí igi, kí wọ́n pọn omi díẹ̀ sínú rẹ̀. Ibi tó bá ti ń kán síta, kí á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ojú ribẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó dẹ̀, ẹni méjì ní í lù ú: ọ̀kan á di irin wúwo mú lẹ́yìn, èkejì á fi òòlù lù ú títí yóò fi le. Èyí tó ti jẹ, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ti àlùmínì mìíràn sí i. Wẹ́dà ńkọ́? Àlùmínì á ti yọ́ kí ojú rẹ̀ tó pọ́n, ẹni tó ń jó géètì nìkan á sọ ihò kékeré di ńlá.

Pákó ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì gbé kọ́ ni kí ẹ tẹ̀ jù. Bó bá rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ́ńjìnnì lè já sómi tòun towó wa. Kí wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì náà lójú wa, nínú omi. Bí omi ò bá tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rọ́bà tó ń fa omi tí ń mú un tutù ti kú nìyẹn. Rọ́bà yẹn ò wọ́n, ẹ́ńjìnnì tó bá jó ló wọ́n.

Owó ṣì wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ wò ó, kó fi orúkọ sílẹ̀ níbi ìsọ̀ ẹja. Iye tí ọlọ́kọ̀ pè é, a ò ní tẹ̀ ẹ́ síbí, kí àwọn ará èbúté má baà kà á.