Ìgbàgbọ́ àti Ìfẹ́ Ilẹ̀ Ẹni Nínú Iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya

Ǹjẹ́ ayàwòrán lè fi iṣẹ́ kan náà sin Ọlọ́run, kí ó sì fi bu ọlá fún ilẹ̀ rẹ̀? Iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ọmọ Urhobo ni. Ó ti ṣe olùkọ́ rí ní ìlú Oǹdó. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-ọnà sílẹ̀ ní Sáríà ní 1958. Ìlànà wọn ni pé kí a gba ọgbọ́n òkèèrè, kí a má sì sọ ti ilé nù.

Ó ya ibùdó mẹ́rìnlá Ọ̀nà Àgbélébùú fún ṣọ́ọ̀ṣì Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Ẹbúté-Mẹ́ta. Ní 1969, ó fín ìtàn náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ọnà àdìrẹ Yorùbá hàn nínú rẹ̀.

Ogun abẹ́lé kò ì tíì parí nígbà náà. Ogun yìí kan náà ni ó dé Orè, ní agbègbè Odígbó, ní 1967, tí a fi ń ṣe àkàwé ohun líle títí di òní. Nígbà tí orílẹ̀-èdè fẹ́ pín, ọmọ Urhobo fi ọnà Yorùbá ṣe ìtàn ìjìyà Jésù lọ́ṣọ̀ọ́. Kò ya àsíá. Síbẹ̀, ìfẹ́ ilẹ̀ baba ni.