Scaphiopus couchii

Scaphiopus couchii jẹ́ ẹ̀yà ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ó ń gbé inú ilẹ̀ ní àwọn aṣálẹ̀ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Mẹ́ksíkò. Spencer Baird ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1854. Ó sọ ọ́ ní orúkọ Darius Couch, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tí ó kó àwọn ẹranko jọ ní Mẹ́ksíkò. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹlẹ́sẹ̀ ṣọ́bìrì, nítorí ohun líle dúdú tí ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dòjé ni ohun náà jọ ju ṣọ́bìrì lọ. Ìdí ni ó fi ń wọlẹ̀: bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tu yẹ̀pẹ̀ ni ó ń rì díẹ̀díẹ̀.

Òjò àti ibùgbé rẹ̀

Àsìkò tí òjò ń rọ̀ ṣe pàtàkì fún ibùgbé ọ̀pọ̀lọ́ yìí ju iye òjò ọdún kan lọ. Ní agbègbè Yuma ní Arizona, òjò ọdún kan kò tó 100 mm, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ yìí wà níbẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú òjò náà máa ń rọ̀ nígbà ooru, láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Ní San Diego, ní etí òkun Kalifọ́níà, òjò ọdún kan tó nǹkan bí 250 mm, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Ìgbà òtútù ni òjò ibẹ̀ ń rọ̀, ìbátan rẹ̀ tí ń jẹ́ Spea hammondii ni ó sì ń yé ẹyin sínú omi òjò náà. Bákan náà ni kò sí ní apá tí ó pọ̀ jù nínú Aṣálẹ̀ Mojave.

Ẹyin rẹ̀ ni ó fa èyí, nítorí kì í dàgbà nínú omi tútù. Nínú omi tí oòrùn ti mú gbóná, ẹyin lè pa láàárín ọjọ́ kan, àwọn légbénlégbé, ìyẹn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ṣì ní ìrù, sì lè di ọ̀pọ̀lọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 8. Ooru tí ń mú wọn dàgbà kíákíá yìí kan náà ni ó ń fa omi náà gbẹ. Bí omi bá gbẹ ní ọjọ́ keje, gbogbo wọn ni yóò kú. Nítorí náà, ó nílò ilẹ̀ rírọ̀ tí ó lè wà, pẹ̀lú ibi tí omi òjò ti lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé.

Lábẹ́ ilẹ̀

Ó lè lo oṣù 8 sí 10 lábẹ́ ilẹ̀ lọ́dún. Ó ń tọ́jú omi sínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, ó sì ń kó yúríà (èròjà kan náà tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ nínú ajílẹ̀) jọ sínú ara, kí omi inú yẹ̀pẹ̀ lè máa wọ ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá jáde, ó lè jẹ oúnjẹ tí ó ju ìdajì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ ní alẹ́ kan. Bí ó bá jẹ́ èsúnsún ọlọ́ràá ni ó jẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré lè tó o fún ọdún kan.

Ìró àrá àti ti òjò lórí ilẹ̀ ni ó ń jí i, kì í ṣe ọ̀rinrin. Nínú ìdánwò, ìró alùpùpù tí a gbà sílẹ̀ náà mú un jáde. Èyí léwu nínú aṣálẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń fi alùpùpù ṣeré, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ tí ó bá jáde nígbà tí òjò kò rọ̀ yóò pàdánù omi tí ó ti tọ́jú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn tún ṣe é ní oore: ní Kalifọ́níà, ó ń yé ẹyin sínú omi tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì àti ojú irin.