Ihò Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà: Kí Ló Ń Jẹ Pikọ́ọ̀pù 504 Wa?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn mí jù. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá mi, Dádì Ṣàgámù bí a ṣe ń pè é nílé, ń bọ̀ láti Àgbádárìgì, àgbọn kún ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù Peugeot 504 rẹ̀ bámú. Ó wọ kòtò kan, kì í ṣe kòtò tó jinlẹ̀ rárá, ó kàn gbọ́ "gbàù!", ẹ̀yìn ọkọ̀ sì fì sí apá òsì. Ó rò pé táyà ló bẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo táyà, kò sóhun tó ṣe é. Ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ ló tó rí i: ibi tí wọ́n ti de súpíríǹgì ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀ ti já kúrò. Súpíríǹgì kò ṣẹ́ o. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò tú. Irin ara ọkọ̀ gan-an ló ya, bí páálí tí òjò pa ṣe máa ń ya.

"Ká ní orí eré ni mo wà ńkọ́?" Ó bi mí bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta lórí fóònù, mi ò sì mọ èsì tí mo lè fún un.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé oṣù mẹ́rin péré ṣáájú ìgbà yẹn ló gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà kan. Wọ́n nà án, wọ́n fi fílà dí gbogbo ihò ara rẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ọkọ̀ ń dán bí ẹyin. Gbogbo àdúgbò ló ń kí i kú oríire ọkọ̀ tuntun. Báwo wá ni irin ṣe ń kú lábẹ́ ọ̀dà tuntun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀? Kẹ́mísìrì ni mò ń kà fún másításì, ṣebí ó yẹ kí n lè dáhùn. Ká sòótọ́, mi ò lè dáhùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ọjọ́ Sátidé.

Àwọn tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ kú

Èmi ni mo fún wọn lórúkọ yẹn. Àwọn fúnra wọn ò lórúkọ, wọn ò sì ní alága. Àgbàlá mẹkáníìkì kan n'Íbàdàn ni wọ́n ti ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé. Mẹkáníìkì méjì tó ti dàgbà, rewáyà kan, jórinjórin kan, tíṣà kan, àti àwọn ọ̀dọ́ bíi tèmi tí wọn ò tíì bí nígbà tí Peugeot ń jọba lójú títì. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé oníkálùkù ló ní pikọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí ìyàwó tàbí ọmọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tà fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Datsun kan wà níbẹ̀. Toyota Hilux kan tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí wà níbẹ̀. Àmọ́ 504 ló pọ̀ jù.

Kò yà mí lẹ́nu. Ọdún 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní Faransé. Nígbà tó di 1975, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná níbí, pikọ́ọ̀pù 504 sì dé ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà kankan, kábúrétọ̀ ló ń fún un lépo, mẹkáníìkì abúlé lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kó sì tún un tò padà. Lẹ́yìn, súpíríǹgì rẹ̀ jẹ́ abala irin gbọọrọ tó wà lórí ara wọn, èyí tó lè gbé ẹrù tí ọkọ̀ kékeré ò lè gbé. Páàtì rẹ̀ ṣì ń yọjú ní Ládipọ̀, tòkunbọ̀ àti ayédèrú, ojú ẹni ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa bá mi sọ. Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn kàn fi sukurudíráfà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì kì í pa 504. Wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, máa gún un." Mo wọlé sábẹ́ ọkọ̀ tíṣà, mo ń gún irin díẹ̀díẹ̀. Kó, kó, kó, irin gidi. Kó, kó, lẹ́yìn náà "pù", sukurudíráfà wọlé tán dé ọwọ́. Lókè ibẹ̀, ọ̀dà ṣì wà pẹ́pẹ́. Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹni tí owó ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ̀kán omi kan lórí àdá

Irin kò fẹ́ràn kó máa jẹ́ irin. Inú òkúta ni wọ́n ti wà á, òun àti ọ́síjìn ni wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀. Iná gbígbóná ni a fi yà wọ́n. Látìgbà yẹn, ó ń wá ọ̀nà àtipadà sílé ni, omi ló sì ń ṣí ọ̀nà fún un.

Tí omi bá wà lára irin, àwọn átọ́ọ̀mù irin kan á fi ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, wọ́n á sì yọ́ sínú omi. Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn á gba inú irin kọjá lọ síbòmíì, níbi tí ọ́síjìn àti omi ti ń dúró dè é. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ibi tí irin ti ń yọ́ àti ibi tí ọ́síjìn ti ń gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bátìrì kékeré nìyẹn, ó ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ yín tọ̀sán-tòru. Iyọ̀ ń mú kí omi gbé iná bátìrì yìí dáadáa sí i, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ etíkun fi máa ń dípẹtà ju ti òkè lọ. Ẹ wá rántí pé àgbọn nìkan kọ́ ni Dádì Ṣàgámù ń kó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé ẹja òkun inú yìnyín, omi oníyọ̀ ń kán sísàlẹ̀ láti Àgbádárìgì dé Èkó.

Onímọ̀ kan ní Cambridge, Ulick Evans, fi ohun kékeré kan ṣe àlàyé èyí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà lè dán an wò nílé. Ẹ fi sáńpépà ha ojú àdá àtijọ́ kan títí á fi dán (àdá o, kì í ṣe ṣíbí tí kì í dípẹtà). Ẹ kán omi iyọ̀ ẹyọ kan sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ìpẹtà tó máa hù á dà bí òrùka nínú ẹ̀kán omi náà, àmọ́ etí ẹ̀kán omi á ṣì máa dán. Tí ẹ bá nù ún, àárín gan-an, níbi tí omi ti jinlẹ̀ jù, ni irin ti jẹ.

Kí ló fà á? Ní etí ẹ̀kán omi, omi kò nípọn, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé. Ní àárín, kì í tètè dé. Nítorí náà, etí ni ọ́síjìn ti ń gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àárín tí ọ́síjìn ò pọ̀ níbẹ̀ ló sì ń fi irin ara rẹ̀ san gbèsè náà. Ọ̀rọ̀ yìí yí orí mi padà. Mo ti máa ń rò pé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí irin jù ni irin ti ń bàjẹ́ jù. Òdìkejì ni! Ibi tí omi lè wọ̀ àmọ́ tí afẹ́fẹ́ kì í tètè dé ni irin ti ń jẹ jù.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo pikọ́ọ̀pù. Níbo ni omi ti ń wọ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í dé? Abẹ́ ẹrẹ̀ tó gan mọ́ òkè táyà. Àárín irin méjì tí wọ́n tẹ̀ pa pọ̀. Inú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Àti ibi tí wọ́n ti jó irin lé irin kó lè gbé súpíríǹgì, nítorí ibẹ̀ ló yẹ kó lágbára jù. Ibi tó ń gbé ẹrù jù lára ọkọ̀ ni ibi ìfarapamọ́ ìpẹtà. Irin ara ọkọ̀ náà kò sì tó mílímítà kan ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ìpẹtà tún máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ó lè tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló ń mú kí ọ̀dà wú bí ẹni tí iná jó. Tí ẹ bá rí ọ̀dà tó wú, ẹ má sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Inú ló ti ń bọ̀.

Fílà wá ńkọ́? Fílà kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ tó bá jẹ́ orí irin tó mọ́ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ lórí ìpẹtà, ó ń mu omi, ó ń dá omi náà dúró sára irin, ó sì ń dínà afẹ́fẹ́. Wọ́n ti fi owó Dádì Ṣàgámù ṣe ẹ̀kán omi Evans fún un. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí a tú ọkọ̀ náà, a rí i pé wọ́n ti fi fílà dí àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ihò yẹn kì í ṣe àbùkù! Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló fi í síbẹ̀ kí omi òjò lè rọ́nà jáde. Wọ́n sọ ilẹ̀kùn di kòkò omi.

Ohun tí a ṣe

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ ni ti ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Bàbá àgbà ní kí a kùn ún sí abẹ́ ọkọ̀, ohun tí àwọn ọ̀gá tirẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn. Mo gbà pé ó ń lé omi kúrò lára irin fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ó ń jẹ rọ́bà bọ́ọ̀ṣì, òjò ń fọ̀ ọ́ lọ sínú ilẹ̀ àti kànga, àwọn kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ sì wà nínú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò. A jà díẹ̀. Nígbẹ̀yìn, a fẹnu kò sí gíríìsì àti wáàsì tí wọ́n ń fọ́n sínú ihò ara ọkọ̀. Bàbá ṣì ń kùn nípa owó rẹ̀.

Jórinjórin gé gbogbo irin tó ti jẹ kúrò, kì í ṣe ibi tó ya nìkan, títí ó fi kan irin tó mọ́. Ihò tí a rò pé ó tó àtẹ́lẹwọ́ di ihò tí orí mi lè wọ̀. Ó jó irin tuntun sí i, lẹ́yìn náà ni a wá kùn ún ní ọ̀dà àkọ́kùn tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀. Síǹkì máa ń yọ̀ǹda ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kíákíá ju irin lọ, nítorí náà tí omi bá dé, òun ló ń kọ́kọ́ jẹ, irin á sì ráyè mí.

Fún àwọn páàtì kéékèèké, iná bátìrì ni mo lò. Nínú ike ńlá, mo po washing soda mọ́ omi, mo so páàtì tó dípẹtà mọ́ ẹnu négétífù ṣájà bátìrì, mo so àjákù irin lásán mọ́ pọ́sítífù. Bó bá di ọjọ́ kejì, ìpẹtà á ti di dúdú, búrọ́ọ̀ṣì lásán á fọ̀ ọ́ kúrò. Kì í dá irin tó ti lọ padà o, ó kàn ń tú ìpẹtà kúrò lára èyí tó kù ni.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jọ̀wọ́, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Ìfófòó tí ẹ ń rí yẹn, háídrójìn wà nínú rẹ̀. Bó bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, iná sìgá lè mú un bú gbàmù. Ẹ pa ṣájà kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Ẹ má lo irin tí kì í dípẹtà ní ẹnu pọ́sítífù, kírómíọ̀mù tó ń tinú rẹ̀ jáde lè di èyí tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ má sì fi iyọ̀ rọ́pò soda, kí ẹ má lọ sọ ike yín di ilé iṣẹ́ gáàsì kílórììnì.

Ohun kan wà tí ìwé kọ́ mi tí bàbá àgbà ti mọ̀ tipẹ́. Mo fẹ́ ki abala súpíríǹgì sínú ike yẹn. Ó gbá ọwọ́ mi. Ó ní súpíríǹgì tí wọ́n fi ásíìdì fọ̀ nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ ṣẹ́ lábẹ́ ẹrù ìrẹsì. Òótọ́ ni: háídrójìn lè wọ inú irin líle bíi súpíríǹgì, kó sọ ọ́ di ohun tó ń ṣẹ́ kẹ́. Ásíìdì ń fún irin ní háídrójìn, iná bátìrì náà ń fún un. Mo gbé súpíríǹgì sílẹ̀, mo mú búrọ́ọ̀ṣì onírin.

Nígbà tí a wà lábẹ́ níbẹ̀, a pààrọ̀ omi bíréékì náà. Omi bíréékì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C; bí omi bá ti wọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, òté yẹn á já sí 140°C. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ Dádì dúdú bíi kọfí. Mi ò fẹ́ mọ ọdún tó ti wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà. Pikọ́ọ̀pù náà kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì bá ti òkè mu. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ àgbọn. Tó bá ti Àgbádárìgì dé, omi kànga ni Dádì Ṣàgámù kọ́kọ́ ń fi fọ abẹ́ rẹ̀, kó tó jẹun. Sukurudíráfà kan sì wà nínú àpò rẹ̀ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé ìtìjú ti fẹ́ pa òun ní páàkì, nítorí ó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láti gún un.