Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ojú ẹ̀ bá wú lójijì ni wọ́n fún ní májèlé jẹ!

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè gba ẹ̀mí ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè sọ aládùúgbò rere di ọ̀tá ara wọn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ kan ládùúgbò wa ní Festac níbí. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kan láti ilé kejì wà níbẹ̀. Ó jẹ ṣúyà díẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ètè ẹ̀ fi wú, tí ara ẹ̀ lé kúlúkúlú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kíá làwọn kan ti figbe ta pé, "Wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ o!" Ìyá ọmọ di aṣọ mọ́ ìyá ọlọ́jọ́-ìbí lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n fi wá pè mí, epo pupa ni wọ́n ń gbìyànjú láti dà sí ọ̀fun ọmọ tí kò rí èémí mí dáadáa. Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn, aládùúgbò kan sì fi mọ́tò ẹ̀ gbé wa dé ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ kan ni dókítà gún un ní itan, kò sì pẹ́ tí èémí ẹ̀ fi balẹ̀.

Kò sí májèlé kankan níbẹ̀. Ẹ̀pà tó wà nínú yájì ṣúyà ni ara ọmọ náà kọ̀. Ìgbà tí ara tu gbogbo wa ni ìyá ẹ̀ àgbà rántí pé ọmọ náà ti jẹ kúlíkúlí rí, tó bì, tí ẹnu sì ń yún un. Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n pè é.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ara wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń bá àrùn jà. Lára ọmọ tó ní àlẹ́jì, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí á ṣi oúnjẹ lásán mú, wọ́n á kà á sí ọ̀tá. Tí wọ́n bá dìde sí i, ara á wú, ọ̀nà ọ̀fun lè fún pa, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì lè já wálẹ̀. Anaphylaxis làwọn dókítà ń pe èyí tó bá le tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1902 ni àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Faransé, Paul Portier àti Charles Richet, fún un lórúkọ yẹn, Richet sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà lọ́dún 1913. Nítorí náà, ẹ má wá ọwọ́ ayé sí i.

Tí ọmọ bá jẹun tán, tàbí tí oyin ta á, tàbí tó lo oògùn, tí ara ẹ̀ lé, tí ètè tàbí ahọ́n ẹ̀ wú, tí ohùn ẹ̀ há, tí èémí ẹ̀ ń dún fíìn-fíìn, tó ń bì léraléra, tó sì rẹ̀ ẹ́ wọ̀ǹjọ̀wọ̀njọ, ẹ má dúró wò ó. Nígbà mìíràn, ara kì í lé rárá kí èémí tó dààmú. Èyí tó ní ikọ́ fée tẹ́lẹ̀, tiẹ̀ tún léwu jù.

Oògùn tó ń gba ẹ̀mí là ni abẹ́rẹ́ adrenaline, itan ni wọ́n sì ń gún un sí. Piriton lè dín ara yíyún kù, àmọ́ kò lè la ọ̀fun tó ti ń dí. Epo pupa àti mílíìkì kò wúlò. Bó tiẹ̀ jẹ́ májèlé lóòótọ́, wọ́n lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè díẹ̀. Tí èémí bá ń dà á láàmú, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má pọ̀n ọ́n, ẹ má sì jẹ́ kó dìde rìn. Tí ara ẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ má tètè gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn, nítorí ó lè padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ọmọ yín ní irú ara yìí, ìmúrasílẹ̀ ni iṣẹ́ yín. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 kò mọ ọmọ tí kò lè mí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù nísinsìnyí tí ara dá, kí ẹ bi wọ́n léèrè bóyá adrenaline wà nílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ kọ nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 112 tàbí 767, sára ògiri. Abẹ́rẹ́ tó dà bíi báírò, tí àwọn ará ìlú òyìnbó ń gbé kiri, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ bi dókítà yín bí ẹ ṣe lè rí i, kó sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe lò ó. Òun náà ni yóò sọ oúnjẹ tó yẹ kí ọmọ yẹra fún. Ẹ má dá ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà dúró lẹ́ẹ̀kan náà lórí ìfura, kí ebi má baà sọ ọmọ di olókùnrùn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ojú kò rí. Ẹdé lílọ̀ wà nínú ọbẹ̀ àti mọ́ínmọ́ín. Ẹyin wà nínú kéèkì. Ẹ̀rọ tó lọ ẹ̀pà tán lọ́jà Agboju lè jẹ́ òun náà ni wọ́n máa fi lọ ata yín. Lọ́dún 2016, ọmọ ọdún 15 kan ní ìlú London, Natasha Ednan-Laperouse, jẹ búrẹ́dì tó ní yánmọtí nínú, tí wọn kò kọ ọ́ sára rẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ méjì nínú ọkọ̀ òfuurufú, síbẹ̀ ó kú. Nítorí ẹ̀ ni òfin fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 2021 pé kí wọ́n máa kọ gbogbo èròjà sára irú oúnjẹ tí wọ́n ti dì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, ìyá alákàrà kì í kọ nǹkan kan sára àkàrà. Ẹnu yín lẹ ó fi béèrè.

Ẹ sọ fún olùkọ́, ọmọ ọ̀dọ̀, tíṣà ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé kéwú, àti ìyá àgbà tó máa ń sọ pé, "Díẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan kan." Àwa Yorùbá mọ èèwọ̀. Ilé tí kì í jẹ òkété, a kì í ní kí wọ́n tọ́ ọ wò díẹ̀. Ẹ sọ fún màmá pé èèwọ̀ ọmọ yìí nìyẹn; yóò yé wọn.

Ìyá ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jọ́-ìbí. Ìyẹn gbà. Lónìí, tí wọ́n bá jọ wà lóde àríyá, òun ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ alásè pé, "Ṣé ẹ̀pà wà níbẹ̀?" kí wọ́n tó bu oúnjẹ fún ọmọ náà.