Èékánná Àlẹ̀mọ́: Bí Ojúlówó Kò Ṣe Ní Bá A Lọ

Gbogbo ẹni tó ń lẹ èékánná la kọ ìwé yìí fún: ẹni tó ń ṣe é nítorí òde Sátidé, ẹni tí tirẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ láti ọdún dé ọdún, àti oníṣẹ́ èékánná tó ń bá wọn ṣe é. A ò kọ ọ́ láti bá oge jà. Àwọn ìyá wa lé làálì sọ́wọ́ sẹ́sẹ̀, ó sì bu ẹwà kún wọn. Ohun tí à ń rí ní yàrá ìtọ́jú ló jẹ́ ká kọ ọ́.

Ìyàwó tuntun kan wọlé tọ̀ wá ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó di ẹyin mú. Ó fẹ́ ṣe àlùwàlá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun dínà omi lórí èékánná rẹ̀, ló bá fi eyín àti ẹnu ọ̀bẹ hú gbogbo wọn. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, abẹ́ rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń ta á, ata ò sì ṣeé fọwọ́ kàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, gúlù yìí ti jẹ èékánná mi tán." A wò ó dáadáa. Gúlù kọ́. Bó ṣe yọ ọ́ ni.

Bí èékánná ṣe ń hù

Èékánná tí à ń gé tí à ń kùn kò ní ẹ̀mí. Ohun tó wà nínú irun àti ìwo màlúù náà ló wà nínú rẹ̀, ó sì jẹ́ ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ra wọn. Ibi tó ti ń hù wà lábẹ́ awọ ní ìdí rẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó pa ìdí náà dé ni kì í jẹ́ kí omi àti kòkòrò àrùn wọlé. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé awọ yẹn kúrò pé òun ń tún un ṣe. Kí ó rọra tì í sẹ́yìn ti tó.

Èékánná ọwọ́ ń gùn ní nǹkan bíi mìlímítà 3 lóṣù. Èyí tó bá bàjẹ́ láti ìdí yóò gbà tó oṣù 6 kí tuntun tó rọ́pò rẹ̀ tán. Ti ẹsẹ̀ lè gbà tó oṣù 12 sí 18. Kò sí ìpara tó lè lẹ ìpele tó ti ṣí padà. Dídúró dè é ni.

Yíyọ rẹ̀

Bí ẹ bá fi agbára fa èékánná àlẹ̀mọ́, ìpele ojúlówó ni yóò bá a jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì ha dídán ojú rẹ̀ kúrò. Ẹ rẹ òwú sínú asẹtóònù, ẹ gbé e lé èékánná kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi fóìlì tí wọ́n fi ń di oúnjẹ wé e. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ rọra tì í. Bó bá ṣì le, ẹ tún un wé. Ẹ má fi ipá mú un. Èyí tí a rà tó ti dá ní ìrísí, tí a kàn lẹ̀ mọ́ ọwọ́, sábà máa ń tú bí ẹ bá kì í bọ omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú òróró díẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé àlùwàlá ń bẹ níwájú, èyí ló rọrùn fún un jù lọ, kó sì ti mọ àkókò tí yóò yọ ọ́ kó tó lẹ̀ ẹ́ rárá.

Iná ń yára ran asẹtóònù. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ sítóòfù, àbẹ́là tàbí jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Tí ẹ bá yọ ọ́ tán, ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ fi òrí tàbí òróró àgbọn ra ìdí èékánná àti awọ àyíká rẹ̀ láràárọ̀ àti lálaalẹ́.

Gúlù

Gúlù èékánná nìkan ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe lo èyí tí wọ́n fi ń lẹ bàtà. Ìgò rẹ̀ kékeré, ó jọ ti oògùn ojú, ẹni tó bá sì ń kánjú nínú òkùnkùn lè ṣì í mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó àwọn méjèèjì sínú àpò kan náà. Bó bá kán sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án púpọ̀, ẹ má fipá la ìpéǹpéjú tó bá lẹ̀, kí ẹ sáré wá sílé ìwòsàn. Bó bá dà sórí aṣọ òwú, ó máa ń gbóná lójijì débi pé ó lè jó awọ abẹ́ rẹ̀. Ọmọdé ló sábà máa ń fara gbá èyí, nítorí náà kí ọwọ́ wọn má tó o.

Nígbà tí ara bá kọ̀ ọ́

Ẹbí kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní methacrylate ló wà nínú akírílììkì àti gẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń ṣe èékánná. Tó bá ti gan tán, wàhálà rẹ̀ dín kù. Ìgbà tó ṣì tutù tó kan awọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ara bá kọ̀ ọ́, ìka yóò máa yún, awọ eteetí èékánná yóò sán, èékánná lè ṣí kúrò lára ẹran. Nígbà mìíràn ojú ló máa ń wú, ìpéǹpéjú pàápàá, nítorí ọwọ́ ni a fi ń nu ojú. Ẹni tó bá ń tọ́jú ojú nìkan kò ní rí ìdí rẹ̀ láéláé.

Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ títí ayé ni. Ẹbí kẹ́míkà yìí kan náà wà nínú ohun tí dókítà eyín fi ń dí eyín, àti nínú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń so orúnkún àtọwọ́dá mọ́ egungun. Ọmọ ogún ọdún tó ń kun gẹ́ẹ̀lì sí awọ lónìí lè bá a pàdé lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ nígbà àgbà. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Bìrìtìkó, British Association of Dermatologists, kìlọ̀ fáyé nípa bí ara ṣe ń kọ kẹ́míkà yìí, wọ́n sì mẹ́nu ba àpótí ṣe-é-fúnra-ẹ. A fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe tí gẹ́ẹ̀lì kò fi ní kan awọ, kó jẹ́ kí ẹni tó kọ́ ọ bá òun ṣe é.

Ẹ bi oníṣẹ́ yín pé, "Kí ló wà nínú ìgò yìí?" Bí òórùn rẹ̀ bá ń gún imú gan-an, tí èékánná náà sì le bí òkúta tí asẹtóònù kò ràn án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ MMA (methyl methacrylate), ọ̀kan nínú ẹbí kẹ́míkà yẹn. Láti nǹkan bí 1974 ni àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ti gbógun tì í nítorí ìpalára tí wọ́n rí. Bó bá gbá nǹkan, kì í ṣẹ́. Ojúlówó ló ń ya.

Ní ti iná tí wọ́n fi ń mú kí gẹ́ẹ̀lì gan, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí a gé orí ìka rẹ̀, kí ìtànṣán rẹ̀ má bàa pa awọ ọwọ́ yín lára.

Ihò kékeré, omi, àti àwọ̀ ewé

Ẹni tó ń fọ aṣọ, tó ń wẹ ọmọ, tó sì ń ro ẹ̀bà, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ. Tí etí èékánná àlẹ̀mọ́ bá ṣí díẹ̀, omi yóò wọlé, kò ní jáde, kòkòrò àrùn yóò sì fi ibẹ̀ ṣelé. Ẹ ó rí i tí èékánná di àwọ̀ ewé. Ẹ má ṣe kun gúlù sí ibi tó ṣí. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi hàn wá. Bí ìdí rẹ̀ bá wú tó ń fọ́ wàì, tó ń ṣọyún, àkàndùn ti dé nìyẹn: ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u nílé.

Àwọn tó ń lu àlùmọ́gàjí kiri àdúgbò ń ṣe iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fi gé èékánná ogún ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tó kù lára rẹ̀ lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú. Ẹ ra tiyín, kí ẹ máa gbé e fún wọn lò.

Àwọn tó yẹ kó yàgò fún un

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera ló kọ́kọ́ kàn. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé tó jáde ní 2009 sọ pé ẹni tó ń fọwọ́ kan aláìsàn kò gbọdọ̀ lẹ èékánná, ti ara rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ó nídìí. Ní Oklahoma ní Amẹ́ríkà, láàárín 1997 sí 1998, kòkòrò àrùn kan tàn ká àárín àwọn ọmọ ìkókó tí wọ́n ń tọ́jú nílé ìwòsàn, mẹ́rìndínlógún sì kú nínú àwọn tó kó o. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé èékánná gígùn àti àlẹ̀mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lè wà lára ohun tó fà á.

Ìyá tó ń tọ́jú ọmọ tuntun, kó gé e kúrú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Aláboyún tí ìgbà ìbímọ rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, kó yọ ọ́: a máa ń wo àwọ̀ èékánná láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, orí ìka náà sì ni ẹ̀rọ tó ń ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó ṣe pàtàkì. Ìlà dúdú tóóró lára èékánná kì í ṣe tuntun fún àwa aláwọ̀ dúdú, púpọ̀ rẹ̀ ni kò léwu. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo tó yọ lójijì, tó ń fẹ̀, tàbí tó ń ràn mọ́ awọ, ẹ má ṣe lẹ èékánná bò ó. Abẹ́ èékánná ìka ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ lára olórin nì, Bob Marley, tó kú ní 1981. Ẹ yọ gbogbo èékánná àlẹ̀mọ́ àti kútẹ́ẹ̀sì kí ẹ tó wá fi ìlà náà hàn wá. Bí kò bá ṣeé yọ, ẹ wá bẹ́ẹ̀. Asẹtóònù wà lọ́wọ́ wa, a ó bá yín yọ ọ́.