Kòkòrò tó ń ṣọ́ oko ẹ̀gẹ́ láìgba owó

Kí àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ tó náwó sórí oògùn apakòkòrò, kó mọ̀ pé kòkòrò kan ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1971 ni kòkòrò aláwọ̀ ewé tín-ín-tín, tó ń fa omi ewé ẹ̀gẹ́ mu, ti Gúúsù Amẹ́ríkà dé Áfíríkà. Lọ́dún 1993, àjọ IITA tú ọ̀tá rẹ̀, Typhlodromalus aripo, tí wọ́n kó wá láti Brazil, sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó ti tàn dé Nàìjíríà.

Lọ́sàn-án, á sá pamọ́ sí ṣóńṣó orí ẹ̀gẹ́. Tó bá dalẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ sórí ewé, á máa pa kòkòrò burúkú náà jẹ. Ẹ̀gẹ́ tí orí rẹ̀ nírun ló fẹ́ràn jù.

Oògùn apakòkòrò kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ẹni tó bá fín in sóko lè fi owó ara rẹ̀ pa ọlọ́dẹ rẹ̀.